Iná "Check Engine" Ti Tàn: Ẹ Má Tíì Ra Sẹ́ńsọ̀ O

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá lónìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi mọ́tò jẹun, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń wa takisí àti Uber. Nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì tí mo ń ṣe, mo ń rí owó ńlá tí àwọn èèyàn wa ń ná lórí sẹ́ńsọ̀ tuntun, nígbà tí sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ kò ṣe nǹkan kan.

Láti orí mọ́tò ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé gbogbo mọ́tò tuntun gbọ́dọ̀ ní ètò OBD-II. Kọ̀ǹpútà kan wà nínú mọ́tò tó ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ àwọn sẹ́ńsọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní MAF ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Òmíràn ń wo ọ́síjìn tó kù nínú èéfín, òmíràn ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Bí ìròyìn wọn kò bá bára mu, kọ̀ǹpútà á kọ kóòdù sílẹ̀, á sì tan iná "Check Engine". Abẹ́ dáṣíbọọ̀dù, lápá ẹsẹ̀ awakọ̀, ni ihò tí wọ́n ti ń ka kóòdù wà. Ilé ìtajà bíi AutoZone máa ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ ni kóòdù ń rò, kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ jẹ́ ká wo P0171. Ó ní afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo tó ń wọlé. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ló mú ìròyìn yẹn wá, òun náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń sáré pààrọ̀. Àbí bó bá jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ ńkọ́? Bí mọ́tò bá ń gbọ̀n nígbà tó dúró ní iná pópó, tó sì ń fara balẹ̀ bí ẹ ti ń tẹ iná, ẹ wá rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ti sán. Bó bá jẹ́ orí eré lójú ọ̀nà márosẹ̀ ló ti ń rẹ̀ ẹ́, ẹ wo pọ́ǹpù epo àti MAF. Ìdọ̀tí lásán lè wà lára MAF. Oògùn ìfọ́n tirẹ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọwọ́ tàbí aṣọ kàn án.

P0300 ń sọ pé iná kò jó dáadáa nínú sìlíńdà. P0304 dárúkọ ìkẹrin. Bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan bá ní kọ́ìlì tirẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ gbé kọ́ìlì ìkẹrin sórí ìkejì. Bí kóòdù bá di P0302, kọ́ìlì ló bàjẹ́. Bó bá dúró síbi tó wà, ẹ wo plọ́ọ̀gì. Ìdánwò yìí kò gba kọ́bọ̀.

Bí kóòdù mẹ́rin márùn-ún bá yọ lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí mọ́tò bá sinmi, ó yẹ kó tó volt 12.6, bó bá ń ṣiṣẹ́, bíi 13.5 sí 14.5. Òtútù Chicago ń pa bátìrì, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì sì ń jẹ orí wáyà.

Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú, ẹ dẹ ẹsẹ̀, kí ẹ wá ibi dúró sí. Epo tí kò jó ń wọ inú catalytic converter lọ, ó sì ń sun ún. Owó ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò dúró fún converter àti kọ̀ǹpútà náà fún ọdún 8 tàbí máìlì 80,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò èéfín náà ńkọ́? Ní agbègbè Chicago, ọ̀fẹ́ ni, ọdún méjì méjì ni wọ́n sì ń ṣe é. Bí iná bá wà lórí, ẹ ti fèèlì. Ẹ má sì pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò o! Kọ̀ǹpútà nílò ọjọ́ mélòó kan láti tún ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Bí kò bá tíì parí, wọ́n á dá yín padà. Ẹni tí kò bá sì yege kò ní rí ìwé mọ́tò rẹ̀ sọ dọ̀tun.

Nítorí náà, ẹ kọ kóòdù sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ìgbà tí mọ́tò ń gbọ̀n: nínú òtútù ni àbí tó bá gbóná, ní ìdúró ni àbí lórí eré. Bí mẹkáníìkì bá ní sẹ́ńsọ̀ ti kú, ẹ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìdánwò wo lẹ ṣe tó fi hàn bẹ́ẹ̀?" Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi mọ́tò ránṣẹ́ sí Èkó, níbí ni kí ẹ ti ka kóòdù rẹ̀, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ máa wakọ̀ jẹ́jẹ́. Ire o.