Kí Ìbàdàn Tó Ṣílẹ̀kùn ní 1948

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ọkọ̀ LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, a máa kún ibùdókọ̀ Ìgàndó fọ́fọ́. Láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá ní Alímòṣọ́ níbí, ilé tí kò lọ́mọ tó ń lépa dìgírì kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n níbi tí ìwé yunifásítì ti ṣẹ̀ wá láàárín wa, ìtàn kan náà ni tọmọdé tàgbà yóò sọ: ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló fún wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì ní Ìbàdàn ní 1948, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn. Irọ́ ni pé kò sí nǹkan kan ṣáájú rẹ̀.

Ẹ wo Henry Carr, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó ní 1863. Kò tíì pé ogún ọdún tó fi gba dìgírì B.A. ní 1882, tó sì yege lọ́nà tó ta yọ nínú ìmọ̀ ìṣirò. Fourah Bay College ní Freetown, ní Sierra Leone, ló ti kàwé. Láti 1876 ni Yunifásítì Durham ti gba kọ́lẹ́ẹ̀jì náà mọ́ra, débi pé dìgírì Durham gan-an ni àwọn tó yege níbẹ̀ ń gbà. Dìgírì Carr fi ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ṣáájú Ìbàdàn.

Ẹlòmíràn á ní Freetown kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀? Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti tà lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun. Ajàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì wà lára akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS dá Fourah Bay sílẹ̀ ní 1827. Nígbà tí àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yìí àtàwọn ọmọ wọn, tí à ń pè ní Sàró, ń padà wálé, wọ́n kó ìwé bọ̀. Àna Crowther, T. B. Macaulay, tóun náà kàwé ní Fourah Bay, ló ṣí CMS Grammar School sí Èkó ní oṣù kẹfà 1859, pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà péré. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí CMS dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1853 kó lọ sí Èkó, tó sì di St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ní 1896.

Àwọn ènìyàn wa tiẹ̀ ti ń béèrè ju ìyẹn lọ. Ní 1872, Edward Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú, kọ̀wé sí gómìnà Sierra Leone pé kí wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1896, Èkó ló wà nígbà tó tún kọ̀wé sí Gómìnà Carter fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò dìde, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fẹ́ ti hàn gbangba, ní ọdún méjìléláàádọ́ta ṣáájú 1948.

N kò ní bu Ìbàdàn kù. Àwọn tó rí ìwé gíga kà láyé Carr kò ju ìwọ̀nba lọ, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìbàdàn ló mú un wá sílé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwé ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìkàwé Ìbàdàn gan-an? Carr kú ní 1945. Ìjọba ra àwọn ìwé tó kó jọ sílé rẹ̀, nǹkan bí 18,000, àwọn náà ni wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé yunifásítì náà. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn tó bá fa ìwé yọ láti pẹpẹ nígbà náà lè jẹ́ pé ìwé tí ọmọ Èkó kan ti fi owó ara rẹ̀ rà ló ń ṣí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa ní Alímòṣọ́, ẹ má fi 1948 bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí mọ́. Ọmọ tó bá gbà pé ẹ̀bùn ìjọba ni ìwé gíga yóò máa retí ìjọba títí. Èyí tó bá mọ̀ pé àwọn baba ńlá rẹ̀ tó ti oko ẹrú bọ́ ló kọ́kọ́ lé e bá, yóò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ òun ni, yóò sì dìde béèrè rẹ̀.