Dígí Ifẹ̀, Pátákó Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní 1971, nígbà tí mo fẹ́ wọ iléèwé girama, owó iléèwé ò pé. Ìyá ìyá mi ṣí àpótí rẹ̀, ó yọ okùn sẹ̀gi kan tó jogún lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, ó ní kí n gbé e lọ fún ọkùnrin kan tó ń ra nǹkan àtijọ́. Pọ́n-ùn mẹ́rin ni ọkùnrin náà dá lé e. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, n ò tilẹ̀ ní kó fi kọ́bọ̀ kan kún un. Lójú tèmi nígbà náà, kí ni ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́? Dígí lásán ni, òyìnbó ló sì ń ṣe dígí.

Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí pátápátá, àfi lọ́dún tó kọjá tí ọ̀rẹ́ mi kan fà mí lọ síbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kan l'Ékòó. Apá ọ̀tún ni wọ́n gbé àwòrán ọlọ́dà kọ́ sí. Apá òsì ni àwọn èyí tí wọ́n fi dígí wẹ́wẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ lẹ̀ mọ́ pátákó. Bí iná bá ti kàn wọ́n, wọn a máa kọ mànà. Ọmọdébìnrin kan bi bàbá rẹ̀ pé, "Dádì, ta ló kọ́kọ́ ṣe irú eléyìí?" Bàbá náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Òyìnbó ló kọ́ wa." Ó wá rí i pé mo ń wò wọ́n, ó kí mi: "Ẹ kú ìrìn o, bàbá. Àbí irọ́ ni mo pa?"

Ẹnu mi wọhò. Ohun tí èmi náà ì bá sọ nìyẹn ní 1971. Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí.

Ká ti Òṣogbo bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ apá òsì yẹn ti gbilẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní 1962 ni Dúró Ládípọ̀ dá Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀, tí Ulli Beier, ará Jámánì, sì ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Ígbò ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo yí i sí tiwọn: bí wọ́n bá rí i, wọn a yọ̀. Ní 1964, Georgina Beier kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ó fún wọn ní ọ̀dà àti pátákó. Jimoh Buraimoh, ọmọ Òṣogbo tí wọ́n bí ní 1943, wà lára wọn. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlẹ̀kẹ̀ dígí sórí pátákó, tó ń fi gúlù lẹ̀ ẹ́, tó sì ń fi ọ̀dà kun àlàfo tó bá ṣẹ́ kù. Bí ọ̀dà àti dígí ṣe di ará ilé kan náà nìyẹn.

Òótọ́ ni, òyìnbó wà níbẹ̀. A ò ní torí ìgbéraga sẹ́ oore. Ṣùgbọ́n ta ló fi ìlẹ̀kẹ̀ mọ ọmọ Òṣogbo? Ẹni tó bá ti rí adé ọba rí ti rí àwòrán onílẹ̀kẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ ìdílé Adéṣínà ti Ẹ̀fọ̀n Aláayè: ojú ènìyàn, ẹyẹ, gbogbo rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ni. Ohun tó wà lórí ọba ni Buraimoh gbé sọ̀ kalẹ̀ sára ògiri, kí tẹrú tọmọ lè wò ó.

Bàbá ọmọ yẹn lè sọ pé, "Ó dáa, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ọ̀hún ńkọ́? Ṣebí ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá láti Yúróòpù?" Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ká tó máa rà, a ti ń ṣe.

Ní 1910, ará Jámánì mìíràn, Leo Frobenius, dé Ilé-Ifẹ̀. Ní Igbó Olókun, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ àti àpáàdì ìkòkò tí dígí ti yọ́ mọ́ nínú. Ṣé ó gbà pé Ifẹ̀ ló ni ọgbọ́n náà? Rárá o! Ó ní ogún Atlantis ni, ìlú inú ìtàn tí wọ́n ní òkun gbé mì. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó tẹ̀ lé e sàn díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará Ifẹ̀ ń yọ́ dígí lóòótọ́, ṣùgbọ́n dígí òkèèrè ni wọ́n kàn ń tún yọ́.

Abídèmí Babalọlá, ọmọ ilẹ̀ wa, ló tún padà lọ gbẹ́ ilẹ̀ Igbó Olókun. Nínú ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2017, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n hú sún mọ́ 13,000, àpáàdì ìkòkò ìyọ́dígí sì lé ní 800. Wọ́n yẹ dígí náà wò, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n pò pọ̀ ṣe é yàtọ̀ sí ti Lárúbáwá, sí ti Yúróòpù àti ti Éṣíà. Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ rìn títí dé Gao ní Mali.

Bí mo bá tún pàdé ọ̀gbẹ́ni yẹn, mo ti mọ èsì rẹ̀: òyìnbó bá wa nídìí iṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n èsì wo ni mo fẹ́ fún ìyá àgbà? Bóyá ti Ifẹ̀ ni sẹ̀gi rẹ̀, bóyá ọkọ̀ ló gbé e wá, kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Pọ́n-ùn mẹ́rin ti gbé e lọ. Ẹ̀yin tí ìlẹ̀kẹ̀ ìyá yín ṣì wà nínú àpótí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó pè é ní dígí lásán, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti wá.