Ìhà tí Ayé Kọ sí Àṣírí tí Edward Snowden Tú

Ní oṣù Òkúdù ọdún 2013, Edward Snowden, ọmọ Amẹ́ríkà tí kò tíì pé ẹni 30 ọdún, tú àṣírí iṣẹ́ amí tí ìjọba rẹ̀ ń ṣe lórí tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àjọ amí NSA ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Hawaii. Ó kó àwọn ìwé náà dání lọ sí Hong Kong, ó sì fà wọ́n lé àwọn oníròyìn lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn The Guardian ló kọ́kọ́ gbé e jáde pé ilé-ẹjọ́ àṣírí kan ti pàṣẹ kí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Verizon máa kó àkọsílẹ̀ ìpè àwọn oníbàárà rẹ̀ fún NSA lójoojúmọ́: ta ló pe ta, nígbà wo, fún ìṣẹ́jú mélòó. Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ PRISM jáde, ètò tí NSA fi ń gba lẹ́tà àti àwòrán àwọn ará òkè òkun lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Google àti Facebook.

Ààrẹ Obama fi àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé PRISM kò kan ọmọ Amẹ́ríkà. Ohun tí ayé yòókù gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn gan-an ló kàn. Ariwo ta, àmọ́ bí a bá fara balẹ̀ wò ó, ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé orí fóònù àwọn olórí fúnra wọn ló tó le.

Jámánì fi èyí hàn kedere. Àwọn ará ìlú náà kò gbàgbé Stasi, àwọn ọlọ́pàá inú ti Ìlà-Oòrùn Jámánì, níbi tí Angela Merkel, olórí ìjọba Jámánì nígbà náà, ti dàgbà. Síbẹ̀, ní oṣù Ògún, Ronald Pofalla, olórí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì Merkel, sọ pé ẹ̀sùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó di oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí Amẹ́ríkà ti máa dẹ etí sí fóònù Merkel alára. Ọjọ́ yẹn ló pe Obama. Ní 2015 ló wá hàn pé BND, àjọ amí Jámánì, ti ń bá NSA ṣọ́ àwọn ará Yúróòpù. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbínú Bràsíl le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹlifíṣàn Globo ròyìn pé NSA ń ṣọ́ Ààrẹ Dilma Rousseff, àti Petrobras pẹ̀lú, tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì, tí kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú apániláyà. Rousseff mọ ìjọba tó ń dọdẹ ọmọ ìlú: ìjọba ológun ti sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1970, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́. Ó sún ìbẹ̀wò rẹ̀ sí Washington síwájú, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu Amẹ́ríkà níwájú gbogbo ayé ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Bràsíl àti Jámánì ló jọ gbé àbá ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara ẹni lọ síbẹ̀. Wọ́n gbà á wọlé ní oṣù Ọ̀pẹ́ ọdún 2013 láìdìbò.

Ta ni yóò wá gba ẹni tó sọ fún wọn? Ní 2 oṣù Agẹmọ ọdún 2013, Faransé, Spéìn, Ítálì àti Pọ́túgà kò jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú Ààrẹ Evo Morales ti Bòlífíà, tó ń bọ̀ láti Moscow níbi tí Snowden wà nígbà náà, kọjá, nítorí wọ́n fura pé Snowden wà nínú rẹ̀. Vienna ló bà sí, kò sì sí Snowden nínú rẹ̀. Ìtìjú gbáà lèyí jẹ́ fún àwọn ìjọba tó ń sunkún pé wọ́n ń ṣọ́ àwọn.

Ẹni tó ṣe ohun tó pẹ́ títí ni Max Schrems, akẹ́kọ̀ọ́ òfin láti Ọ́stríà. Ó gbé ẹ̀sùn tó fi kan Facebook ní Írẹ́láǹdì ka orí àwọn ìwé Snowden, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé-ẹjọ́ gíga Yúróòpù. Ní 2015, ilé-ẹjọ́ náà fagi lé àdéhùn Safe Harbour tí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà fi ń kó àkọsílẹ̀ àwọn ará Yúróòpù lọ. Ní 2020, ó tún fagi lé èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ní oṣù kan náà tí Schrems kọ́kọ́ jàre, Ilé Aṣòfin Yúróòpù fi ìbò 285 sí 281 rọ àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti dáàbò bo Snowden. Kò sí èyí tó ṣílẹ̀kùn fún un. Moscow ló ṣì wà ní 2022, nígbà tí Rọ́ṣíà, tí òun náà ń ṣọ́ íntánẹ́ẹ̀tì àwọn ènìyàn rẹ̀, sọ ọ́ di ọmọ onílùú.