Àkùrọ̀ Ni Ó Ń Díye Lé Ẹ̀fọ́

Láti ayé àwọn baba wa tí wọ́n ń ná ọjà ọrọọrún, kí owó ẹyọ tó kógbá wọlé, kí tọ́rọ́ àti sísì tó gorí àléfà, ni ó ti jẹ́ pé bí òjò àrọ̀kúrò bá ti rọ àrọkẹ́yìn ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ wá láti Òkè Ọya, ẹ̀fọ́ á di ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n alátẹ kì í sábà sọ pé òun fi owó lé e. Ìdì ni ó máa ń dín kù. Ìdì ṣọkọ tí ó kún ọwọ́ méjèèjì ní oṣù kẹsàn-án, tí a tún fi ewé díẹ̀ ṣe èènì lé lórí, á di ohun tí ìka mẹ́ta lè há ní oṣù kejìlá, iye kan náà ni a ó sì pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá ráhùn, ìyá á bu omi wọ́n ọjà rẹ̀, á sì wo ibòmíràn.

Àwọn ìyá wa mọ ọgbọ́n tí a fi ń ko ẹ̀ẹ̀rùn lójú. Nígbà tí ilá bá pọ̀ lóko dé bi pé kò sẹ́ni tí ń rà á, wọn á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọn á sá a sórí àpáta títí yóò fi gbẹ, wọn á sì gún un ní ọ̀rúnlá tí yóò gbé wọn dé òjò tuntun. Ẹ̀fọ́ tútù kò gba irú ètò bẹ́ẹ̀: èyí tí a já láàárọ̀, tí kò tà kí ilẹ̀ tó ṣú, ewúrẹ́ ló ni ín.

Nítorí náà ni àkùrọ̀ fi níyì. Ilẹ̀ etí odò ni, tí omi rẹ̀ kì í tètè gbẹ; ibẹ̀ ni a ń gbẹ́ kànga kéékèèké sí, tí a ń fi igbá bu omi rin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àkùrọ̀ ni kì í jẹ́ kí ó tẹ́.

Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì kan Kano ní 1912. Nígbà tó yá, àlùbọ́sà rí ọkọ̀ wọ̀, ata gbígbẹ rí ọkọ̀ wọ̀, tòmátì náà sì tẹ̀ lé wọn nínú ọkọ̀ akẹ́rù, tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí ilẹ̀ tiwa gbẹ jù lọ gan-an ni tòmátì Òkè Ọya máa ń kún ọjà wa. Ìgbà kì í lọ bí òréré. Ẹ̀fọ́ tútù nìkan ni ọ̀nà jíjìn kò ṣe lóore. Yóò ti rọ kí ọkọ̀ tó sọdá Ọya.

Àṣẹ ìjọba pàápàá kò ràn án. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Captain A. P. Pullen, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, ń pa iye láṣẹ fún gàrí àti oúnjẹ mìíràn ní Èkó, ṣùgbọ́n Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, títà-rírà wá ń lọ lábẹ́lẹ̀, ètò náà sì túká ní 1945. Bí gàrí tí ó lè dúró nínú àpò kò bá gba àṣẹ, kí ni ká ti sọ ti ṣọkọ tí kò lè dúró dọ̀la?

Lónìí, yẹ̀pẹ̀ ni a ń dà sí àkùrọ̀ Èkó àti ti Ìbàdàn, tí a ń kọ́lé lé wọn lórí. Ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ tó tún fọwọ́ sí ìwé ilé lórí ilẹ̀ etí odò, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn alátẹ léèrè ibi tí ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn yóò ti máa wá.