Próbáyótíìkì nínú oúnjẹ ẹja

Próbáyótíìkì nínú oúnjẹ ẹja ni àwọn kòkòrò àìfojúrí aṣeniloore tí àwọn olùsìn ẹja máa ń pò mọ́ oúnjẹ ẹja inú adágún. Lára wọn ni Bacillus àti Lactobacillus. Irú Lactobacillus kan wà lára àwọn kòkòrò tó ń mú ògì kan. Wọ́n máa ń gba ààyè mọ́ àwọn kòkòrò afàìsàn lọ́wọ́ nínú ìfun ẹja.

Ẹja àrọ̀ ni wọ́n ń sìn jù lọ ní Nàìjíríà, ó sì wọ́pọ̀ ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, ìlú tí Ọjà Olúwo wà. Bí ẹja bá há jù nínú adágún, àìsàn tètè ń ràn. Lílo oògùn apakòkòrò lóòrèkóòrè lè sọ àwọn kòkòrò di èyí tí oògùn kò ràn mọ́, ewu rẹ̀ sì lè kan ènìyàn.

Ooru máa ń pa Lactobacillus. Nítorí náà, ẹ̀yìn tí oúnjẹ bá tutù ni wọ́n ń fi í sí i. Próbáyótíìkì kò rọ́pò omi tó mọ́.