Ìyẹ̀ idẹ lórí irin: bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀ṣọ́ yìí, àti èéfín tó yẹ ká sá fún

Alágbẹ̀dẹ tó bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ yọ níbẹ̀. Ohun tí mo bá bàbá alágbẹ̀dẹ kan tó ń yọ ní abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, kì í ṣe ọkọ́, kì í ṣe àdá. Ẹ̀gbà ọwọ́ ni. Irin dúdú ni ẹ̀gbà náà, àmọ́ idẹ ń tàn lára rẹ̀ tótòtó, bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Mo rò pé wọ́n kùn ún ni. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Oníròyìn, kì í ṣe ọ̀dà o. Fi èékánná họ ọ́ wò."

Mo họ ọ́. Kò ṣí.

Wọ́n sọ fún mi pé ọkọ́ àti àdá tó ń ti òkè òkun wá ti gba oníbàárà lọ́wọ́ àwọn. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló kù lọ́dọ̀ wọn, wọn ò sì fẹ́ kí àwọn náà lọ gun ọ̀kadà. Ni wọ́n bá ń wá iṣẹ́ mìíràn tí iná kan náà lè ṣe. Nítorí irú wọn, àti nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọ̀ṣọ́, ni mo ṣe fẹ́ là á yé yín lónìí, títí kan ibi tó léwu níbẹ̀.

Kí ló mú idẹ lẹ̀ mọ́ irin?

Irin kì í yọ́ àfi tí iná bá tó nǹkan bí 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bàbà ń yọ́ ní 1,085. Idẹ tó jẹ́ àpapọ̀ bàbà àti sínkì ń yọ́ láàárín 900 sí 940. Ìyẹn ni pé idẹ á ti di omi nígbà tí irin ṣì le gbagidi. Tí ojú irin bá mọ́, idẹ á ràn sórí rẹ̀, tó bá sì tutù, á dì mọ́ ọn. Àwọn wẹ́dà àtàwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ń lo ọgbọ́n yìí láti fi so páìpù pọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìyẹ̀ ni wọ́n ń lò fún ọ̀ṣọ́, kì í ṣe ọ̀pá idẹ.

Idẹ àti irin pa pọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ wo ẹdan Ògbóni, takọtabo: idẹ ni ara wọn, ọ̀pá irin ló gún wọn láti inú, ẹ̀wọ̀n ló so orí wọn pọ̀. Irin fúnra rẹ̀ náà, àwọn baba wa ló ń yọ ọ́ látinú òkúta. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ ìròyìn nípa abúlé Ola Igbi nítòsí Ọ̀yọ́, níbi tó ti rí àwọn tó ń ṣe é. Lónìí, àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba náà ń bu ìyẹ̀ bàbà àti idẹ sórí irin pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fi iná gáàsì yọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Irin lásán ni wọ́n ń lò, èyí tí kò nípọn ju káàdì ATM lọ. Irin tí kì í dógùn-ún kò dára fún un, torí awọ tó wà lójú rẹ̀ kì í jẹ́ kí idẹ ràn. Páànù ìbolé ni kí wọ́n má tiẹ̀ fọwọ́ kàn rárá: sínkì ni wọ́n fi bò ó, mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Wọ́n á fi pépà ìhọrin họ ojú irin títí á fi funfun, wọ́n á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọn ò sì ní fi ọwọ́ olóròóró kàn án mọ́. Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra irú ẹ̀gbà yìí lọ́jà kan. Kò pé oṣù méjì tí idẹ ara rẹ̀ fi ń ṣí bí èèpo iṣu. Ìgbà tí mo yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ìdógùn-ún ló wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni bóráàsì, tí wẹ́dà ń tà lọ́jà. Wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á fi kùn ún. Ó ń yọ́ ní nǹkan bí 743, kí idẹ tó yọ́, á sì máa jẹ ìdọ̀tí tí iná ń mú jáde lójú irin. Wọ́n á wá fi asẹ́ tíì ku ìyẹ̀ sí i, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ.

Abẹ́ ni iná ti ń wá, kì í ṣe òkè. Ní àgbẹ̀dẹ tí mo lọ, ríìmù kẹ̀kẹ́ ni ọmọ iṣẹ́ ń yí láti fi fẹ́ èédú. Ìyẹ̀ á kọ́kọ́ dúdú. Nígbà tí pupa irin bá ń lọ sí àwọ̀ ọsàn, lójijì ni ìyẹ̀ á tàn bí ohun tí omi dà sí. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé e kúrò. Kó tutù fúnra rẹ̀. Wọ́n á fi omi gbígbóná yọ bóráàsì tó ti dì bíi gíláàsì, wọ́n á fi bùrọ́ọ̀ṣì onírin gbọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fi ìda oyin pa á kó má baà dógùn-ún.

Èéfín funfun

Sínkì inú idẹ ń hó ní 907, ibi tí idẹ ti ń yọ́ gan-an. Torí náà, bí iná bá pẹ́ díẹ̀, sínkì á di èéfín funfun. Ẹni tó bá fà á símú lè máa gbọ̀n lóru ọjọ́ náà, ara rẹ̀ á gbóná, ẹnu rẹ̀ á máa rùn bí irin. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ibà lásán. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí, bàbá wo ọmọ tó ń yí ríìmù. Wọ́n ní, "Gbogbo ìgbà tá a bá ṣe idẹ, ọmọ yìí ń ní ibà."

Òjé ló burú jù. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni bàbá ti ń ra ìyẹ̀, idẹ tó rọrùn láti gẹ́ sì sábà máa ń ní òjé nínú, nígbà mìíràn tó 3 nínú 100. Òjé kì í yára kúrò lára. Inú egungun ló ń lọ, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ rántí Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí òjé tó wà nínú òkúta wúrà ti pa ọmọdé tó lé ní 400. Nílé wa níbí pẹ̀lú, ní Olódó, ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn ti yẹ ilẹ̀ tí wọ́n da pàǹtí bátìrì sí wò, òjé pọ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, kí afẹ́fẹ́ máa gbé èéfín lọ kúrò lójú wọn. Kí ọmọdé má sí nítòsí. Aṣọ tí a dì mọ́ imú kò lè dá èéfín yìí dúró. Kí wọ́n fọwọ́, kí wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́, kí wọ́n tó gbé ọmọ tàbí jẹun. Ìyẹ̀ bàbà gidi ló sàn jù: kò ní sínkì, kò ní òjé, iná tó gbóná sí i ló kàn fẹ́. Èyí tí wọ́n bá fáìlì lára wáyà iná dára, àmọ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ bó rọ́bà rẹ̀, kí wọ́n má jó o.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rà á, ẹ bi ẹni tó ń tà pé níbo ló ti rí ìyẹ̀. Tó bá ní ìyẹ̀ kọ́kọ́rọ́ ni, ẹ má ṣe rà á fún ọmọ tó ń kó nǹkan sẹ́nu.

Mo padà sí abúlé náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti gbé iná jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá fúnra wọn ló ń yí ríìmù. Ọmọ iṣẹ́ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fi ìda oyin pa ẹ̀gbà tuntun. Pupa ni èyí, bàbà ni wọ́n fi ṣe é.