Ère Ìyálóde àti Ilé Àwọn Àgùdà ní Ìta Tinúubú

Àlejò tí ó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì láti Igbó-Elérin lọ sí Erékùṣù Èkó ní àsìkò ọdún Ifá yìí, tí ó sì dé Ìta Tinúubú, yóò rí ère Ẹfúnróyè Tinúubú, oníṣòwò ńlá tí ó di Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ohun tí kò ní rí ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ó wà létí ìta náà fún ọdún 161. Ère wà lórí ìdúró, ilé ti wó. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ọmọ Awo ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ.

Ní 1855 ni wọ́n kọ́ ilé náà fún ìdílé Fernandez. Casa do Fernandez ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun lókè, bí ti àwọn ilé Brazil, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà ni. Àgùdà ni a ń pe àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun, tí àwọn fúnra wọn tàbí àwọn ọmọ wọn padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì mú iṣẹ́ káfíńtà àti ti bíríkìlà bọ̀. Ní 1933, Alfred Omolona Olaiya, ará Ìjẹ̀ṣà-Ìsù ní Èkìtì, ra ilé náà, ó sì di Ilojo Bar. Bàbá Victor Olaiya tí ó fi kàkàkí kọrin háíláìfù ni ọkùnrin náà. Ní 1956, ìjọba kéde ilé yìí ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè.

Kí ni ó kan Ifá nínú èyí? Ní 1875, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Bahia, Martiniano Eliseu do Bonfim, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè wa ń jẹ́ Ọ̀jẹ́ládé, bá bàbá rẹ̀ wá sí Èkó. Ilé Fernandez ti pé ogún ọdún nígbà náà. Ó gbé nínú ìlú yìí fún nǹkan bí ọdún mọ́kànlá, ó lọ sí ilé ìwé, ó sì kọ́ Ifá. Nígbà tí ó padà sí Bahia, ó di babaláwo tí àwọn ènìyàn ń wárí fún, ó sì wà lára àwọn tí ó ran Mãe Aninha lọ́wọ́ láti dá oyè Ọbà Ṣàngó méjìlá sílẹ̀ ní Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá. Ní 1943 ni ó papò dà. Nígbà tí àwọn ọmọ Awo láti Brazil bá wá bá wa ṣe ọdún, irú ilé báyìí ni ó yẹ kí a mú wọn lọ wò, kí wọ́n lè fi ojú rí ìlú tí ó kọ́ bàbá wọn ní Ifá.

Ní ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ariwo ta. Àjọ tí ó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, tí òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ti 1979 dá sílẹ̀, sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n dá sí òfin. Àwọn tí ó fara mọ́ wíwó rẹ̀ ní ilé náà ti gbó, ó sì lè wó pa ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo sí onílé: ìwé ìkéde kì í tún òrùlé ṣe. Síbẹ̀, ohun tí ó dùn mí jù ni pé ìjíròrò náà kò bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí erùpẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ibòmíràn, ariwo ni ó ń ṣáájú. Ní Legon ní Ghana, àwọn olùkọ́ yunifásítì kọ̀wé ta ko ère Gandhi tí wọ́n ṣí ní 2016, wọ́n sì gbé e kúrò ní 2018. Ní Bristol, ní 7 Oṣù Kẹfà 2020, àwọn afẹ̀hónúhàn wọ́ ère Edward Colston, oníṣòwò ẹrú, ju sínú omi. Òṣùwọ̀n yìí kan ère tiwa. Tinúubú ta iyọ̀ àti tábà, ó sì ta ẹrú pẹ̀lú, tí àwọn oníṣòwò Brazil wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Ní 1856, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ilé Fernandez, Benjamin Campbell, ajẹ́lẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, mú kí Ọba Dòsùnmú lé e kúrò ní Èkó. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó pèsè ohun ìjà fún Ẹ̀gbá láti kojú Dàhòmì, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde ní 1864. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní 1887.

Èmi kò ní kí a yọ ère rẹ̀. Ọwọ́ tí ó ta ẹrú ni ó ra ìbọn tí kò jẹ́ kí Dàhòmì kó Ẹ̀gbá lẹ́rú, n kò sì mọ bí a ṣe lè yọ ọ̀kan kí èkejì kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé náà wà, ìta yẹn sọ ìtàn náà tán: orúkọ ẹni tí ó ta ènìyàn wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí a tà tí wọ́n sì padà wá kọjú sí i. Nísinsìnyí, ohùn kan ṣoṣo ni ó kù. Òkúta kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère náà, tí a kọ orúkọ ilé náà sí àti ọdún 1855 òun 2016, kò pọ̀ jù láti bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti àjọ náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ohun tí ó ṣẹ́kù, kí ó rìn wọ Pópó Àgùdà, kí ó sì wo àwọn ilé àtijọ́ tí wọn kò tíì wó. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà, tí João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1894. Wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀.